Tí ọlọ́pàá bá gbé èèyàn yín l'Àbújá: bẹ́ ẹ ṣe máa rìn ín láti teṣan dé kóòtù

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni irú ìpè yìí pọ̀ jù lórí fóònù mi, "ẹ gbà wá o, wọ́n ti gbé ọmọ wa lọ teṣan", àwa tá a ń gbé Àbújá sì mọ ohun tó wà ńbẹ̀, kóòtù ò ní jókòó mọ́ títí di Mọ́ńdè, ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lọ́jọ́ yẹn á kàn máa wo ògiri ni. Mi ò kì í ṣe lọ́yà o. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ teṣan nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá lápá Kubwa níbí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn lọ́yà Legal Aid, lọ́yà ọ̀fẹ́ ti ìjọba, jókòó débi tí mo fi mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú òfin àti èyí tó jẹ́ ariwo lásán. Ẹ fi èyí pamọ́ sórí fóònù yín báyìí, torí lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, orí á ti dàrú, kò sẹ́ni tó máa ráyè kàwé.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mo fẹ́ fi ṣáájú, torí ó máa ń bí mi nínú tí mo bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró ní káńtà tó ń pariwo "United Nations! Human rights! International law!" mọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá yẹn ò mọ Geneva, kò tíì jẹun láàárọ̀, á kàn ti ìwọ náà mọ́ ẹni tó o wá gbà ni. Ní káńtà, òfin Nàìjíríà lẹ máa fi sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà abala ẹ̀. Òfin àgbáyé, inú lẹ́tà àti iwájú adájọ́ ló ti níyì. Ẹ mọ méjèèjì, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Láti 1955 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń pe àwọn orílẹ̀-èdè jọ ní ọdún márùn-ún márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn, bí wọ́n ṣe máa dín in kù, àti bí wọ́n ṣe máa ṣe ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ kí wọ́n má bàa fìyà tí kò tọ́ jẹ ẹ́. Geneva ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́. Kyoto ní Japan ni wọ́n ti ṣe ti 2021, èyí tó yẹ kó wáyé ní 2020 kí Kòrónà tó dà á rú. Kọmíṣọ̀n kan tún wà ní Vienna láti 1992 tó ń jókòó lọ́dọọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan.

Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde pọ̀, orúkọ ìlú ni wọ́n sì fi ń pe ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Beijing Rules ti 1985 wà fún ọmọdé tó bá rú òfin, Tokyo Rules ti 1990 ní kí wọ́n má kàn máa ti èèyàn mọ́lé bí ọ̀nà míì bá wà, Bangkok Rules ti 2010 wà fún àwọn obìnrin, èyí tó wá lókìkí jù ni Mandela Rules, Geneva 1955 yẹn náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́, wọ́n tún un ṣe ní December 2015, wọ́n fi sọrí Nelson Mandela tó lo ọdún 27 lẹ́wọ̀n. Nílẹ̀ Áfíríkà tiwa, kọmíṣọ̀n ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbé Luanda Guidelines jáde ní 2014 lórí bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń tì í mọ́lé kó tó fojú ba kóòtù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní May 2015, Ààrẹ Jonathan buwọ́ lu ACJA, ìyẹn òfin Nàìjíríà lórí bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹ gbé Luanda àti ACJA síra wọn kẹ́ ẹ wò ó, ọmọ ìyá ni wọ́n.

UNODC, ìyẹn ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, wà l'Àbújá níbí. Ẹ má gbé ẹjọ́ ọmọ yín lọ síbẹ̀ o. Ìjọba, kóòtù àti ọlọ́pàá ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, wọn kì í gba ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ yín ló máa lọ lásán.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó wà gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sọ pé Àbújá làwọn ń gbé, bẹ́ẹ̀ Mararaba ni wọ́n ń sùn, Mararaba sì rèé, ìpínlẹ̀ Nasarawa ló wà, Suleja náà, ìpínlẹ̀ Niger ni. ACJA tí mò ń sọ yìí, FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú l'Àbújá, àti àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ ló wà fún, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ tó jọ ọ́ àmọ́ nọ́ńbà abala ẹ̀ lè yàtọ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ṣá, kò síbi tí kò dé, torí náà tí gbogbo ẹ̀ bá pò mọ́ yín lójú, abala 35 ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ẹ bi ẹni tó pè yín: teṣan wo, ṣé ọ̀dọ̀ DPO, ọ̀gá teṣan, ló ṣì wà àbí wọ́n ti gbé e lọ SCID, ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀, àbí ẹ̀ka ìwádìí àgbà ti ọlọ́pàá ní Area 10, Garki? Aago mélòó ni wọ́n gbé e, ta ló wà ńbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, aago yẹn ló máa jà fún yín lọ́la.

Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání, bíró, ìwé, omi, oúnjẹ, àti oògùn tó bá jẹ́ ẹni tó ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ wọ aṣọ tó dáa, mo mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n ẹni tó wọ sílípáàsì lọ, ojú sílípáàsì ni wọ́n á fi wò ó. Kí ẹnì kan dúró síta pẹ̀lú fóònù torí wọ́n lè ní kí ẹni tó wọlé gbé tiẹ̀ kalẹ̀. Ẹ má sì kó owó púpọ̀ sápò, ojú àwọn kan nínú wọn máa ń ríran dénú àpò.

Ní káńtà

Ẹ kí wọn. "Sannu da aiki, yallabai", ìyẹn "ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá" ní Hausa, lásán máa ń mú kí ojú wọn rọ̀, ká tiẹ̀ má tíì sọ̀rọ̀ òfin. Lẹ́yìn ìkíni, ohun tẹ́ ẹ wá wá ni orúkọ IPO, ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan èèyàn yín, àti aago tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn pé àwọn mú un. Tí wọ́n bá ní ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ jókòó, tó bá pẹ́ ẹ tún dìde lọ béèrè. Ẹ ní "ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, abala 35 ní kẹ́ ẹ kọ ẹ̀sùn yẹn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́". Abala yẹn náà ló sọ pé ó lè dákẹ́ títí tó fi máa bá lọ́yà tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀, ẹni tó wù ú yẹn sì lè jẹ́ ẹ̀yin. ACJA abala 6 tiẹ̀ ní àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló yẹ kó sọ fún mọ̀lẹ́bí pé àwọn ti mú èèyàn wọn, láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọn kì í sábà ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé wọn ò ṣe é.

Abala 35 náà ní tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e dé iwájú adájọ́, tí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí kóòtù bá rí i pé ó mọ́gbọ́n dání. Ẹ sọ fún mi, ibo l'Àbújá ni kóòtù ò sí láàárín kìlómítà 40? Ẹ̀sùn tí ìyà ẹ̀ jẹ́ ikú, bí ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, ni òfin yọ sílẹ̀ nínú èyí.

Ẹ má gbàgbé ẹrù ẹ̀. Fóònù, owó, káàdì ATM, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, ACJA abala 10 ní kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí ọlọ́pàá àti ẹni tí wọ́n mú fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà kan tàbí kí wọ́n fún ẹni tó bá ní kí wọ́n fún. Ẹ béèrè ẹ̀dà yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, kò ní sẹ́ni tó rántí pé fóònù kankan wà.

Tó bá jẹ́ pé ọkọ ni wọ́n ń wá tí wọn ò bá a nílé tí wọ́n wá gbé ìyàwó, tàbí wọ́n gbé àbúrò dípò ẹ̀gbọ́n, ACJA abala 7 ni kẹ́ ẹ dì mú o. Òfin ò gbà á rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ò ní àlàyé púpọ̀, ẹ kàn sọ ọ́ fún DPO lójúkojú, ẹ má bá IPO fà á.

Ọ̀rọ̀ gbèsè

Ìpè tó pọ̀ jù nínú èyí tí mò ń gbà, owó ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó kó ọjà ní Dei-Dei tí kò tíì san tán, télọ̀ tó gba owó aṣọ ìgbéyàwó tí kò parí ẹ̀, ẹni tó jẹ onílé ní gbèsè ọdún kan. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó á lọ bá ọlọ́pàá tó mọ̀, wọ́n á gbé ẹni tó jẹ gbèsè, wọ́n á ní tó bá ti san ni yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ ACJA abala 8 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò ṣẹ, Police Act ti 2020 náà tún un sọ ní abala 32. Láti òkè ni ti èyí náà ti wá, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú tí wọ́n ń pè ní ICCPR, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1993, ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé kò lè san ohun tó wà nínú àdéhùn nìkan.

Àwọn náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kọ "gbèsè" sínú ìwé. "Cheating", ìyẹn jìbìtì, ni wọ́n máa kọ, tàbí "criminal breach of trust", ìyẹn kéèyàn kó ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹ̀ jẹ, torí Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tá à ń lò lókè yìí, ní àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyẹn nínú. Ohun tẹ́ ẹ máa fi gba ara yín ni ẹ̀rí pé òwò ni: risíìtì, álẹ́ẹ̀tì báǹkì tó fi hàn pé ó ti san díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ orí WhatsApp tó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun láyè. Ẹni tó bá ti san díẹ̀ kò jọ ẹni tó fẹ́ lu jìbìtì. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdà kejì ẹ̀ náà o, alájọ tó kó owó olówó tó sì pa fóònù tó sá lọ Kaduna, ìyẹn kì í ṣe gbèsè, ẹ má fi abala 8 dá a láàbò níwájú mi.

Statement, ibi tí ẹjọ́ ti ń bàjẹ́

Tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má gbàgbé ibí yìí. Ìwé tí wọ́n fi ń gba statement, wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sí òkè ẹ̀ ní òyìnbó pé wọ́n ti ṣàlàyé fún mi pé kò di dandan kí n sọ̀rọ̀, àti pé ohun tí mo bá sọ wọ́n lè fi ṣẹlẹ́rìí, ẹni tí wọ́n mú á buwọ́ lù ú. Ìyá àgbà tó ń ta epo pupa, tí kò gbọ́ òyìnbó, á buwọ́ lù ú pé òyìnbó ni wọ́n fi ṣàlàyé fún òun!

Mo wà níbẹ̀ nígbà kan, ní teṣan kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọlọ́pàá ń fi Hausa bèèrè ọ̀rọ̀, ìyá ń fi Yorùbá dáhùn, pẹ̀lú ìwọ̀nba Hausa ọjà tó mọ̀, ọlọ́pàá yẹn ń kọ òyìnbó sílẹ̀. Ìyá ò sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ìwé kún ojú méjì, nísàlẹ̀ ojú kejì ó fi bí ìlà mẹ́rin sílẹ̀ lófìfo, ó wá na ìǹkì sí i pé kó tẹ̀ka síbi tó kẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ òfìfo yẹn. Mo ní "ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wa ná". Ó wò mí títí. Nígbà tó máa kà á, ó kà á kíákíá bí ẹni tó ń ka ìkéde ẹbí, a sì bá a níbẹ̀ pé ìyá "gbà" ohun tí kò gbà. Wọ́n tún un kọ, ó pẹ́ kí wọ́n tó tún un kọ, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Tí kò bá gbọ́ òyìnbó dáadáa, ẹ béèrè ògbufọ̀, ACJA abala 17 ló fún un. Ògbufọ̀ yẹn ló máa kọ ọ́, tó máa kà á padà fún un títí tó fi máa yé e, ẹni náà á wá fọwọ́ sí i, ògbufọ̀ á kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ ẹ̀ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ṣe ògbufọ̀, ẹ má ṣe àfikún o, ẹ má bá a tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe, ẹ má sọ pé "ohun tó ní lọ́kàn ni", ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ nìkan. Òfìfo tó bá kù nísàlẹ̀ ìwé, kí ó fi bíró fa ìlà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, kó sì fọwọ́ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Abala 17 yẹn náà gbà kí lọ́yà wà níbẹ̀, tí kò bá sí lọ́yà, òṣìṣẹ́ Legal Aid, tàbí èèyàn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, tàbí JP (Justice of the Peace), tàbí ẹni tó bá wù ú. Ẹni tó bá jókòó tì í ò gbọ́dọ̀ máa gba ọ̀rọ̀ sọ fún un, ó kàn wà ńbẹ̀ ni, ìwàǹbẹ̀ yẹn gan-an ni oògùn ẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ dáa jù ni kó má kọ nǹkan kan lálẹ́ yẹn. Orúkọ, àdírẹ́sì, ó tán. "Tí lọ́yà mi bá dé, màá sọ̀rọ̀." Wọ́n máa ní ẹni tó bá dákẹ́ ló jẹ̀bi. Irọ́ ni.

Tí wọ́n bá lù ú, ẹ má pariwo níbẹ̀, ẹ wo ibi tó wà lára, ẹ kọ ọjọ́ àti aago, tó bá ti jáde ẹ gbé e lọ ọsibítù ìjọba lọ́jọ́ yẹn gan-an kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Òfin tó ń gbógun ti ìfìyàjẹni ti wà láti 2017, ohun tí wọ́n bá fi ìyà gbà lẹ́nu èèyàn ò wúlò ní kóòtù. Ní 2021 àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí Juan Méndez ṣáájú, ẹni tó ti jẹ́ aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ìfìyàjẹni rí, gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní Méndez Principles, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé ìbéèrè tí wọ́n fi sùúrù béèrè ló ń mú òtítọ́ jáde, pé ẹni tí wọ́n bá ń lù á jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Béèlì

Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri teṣan, ẹ̀yin náà ti rí i, ẹni tó jókòó sábẹ́ ìwé yẹn ló máa ní kẹ́ ẹ mú owó pépà àti owó bíró wá, owó epo mọ́tò, owó káàdì. Ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba, àti UNODC jọ ṣe ní 2019 rí i pé nínú gbogbo àwọn tó bá òṣìṣẹ́ ìjọba pàdé lọ́dún yẹn, ìdá 30.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló san rìbá tàbí tí wọ́n ní kó mú un wá, ní 2016, 32.3 ni. Ẹ rí i pé ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín.

Mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn kan máa san án kí ọmọ wọn lè sùn nílé, mi ò kì í bá wọn jà. Àmọ́ ẹ gbìyànjú èyí ná: ẹ ní kí wọ́n fún yín ní risíìtì. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, "ọ̀gá, kí n lè fi han mọ̀lẹ́bí pé mo san án". Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó yẹn máa ń dínkù lójijì, nígbà míì ó máa ń pòórá pátápátá. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ lọ bá DPO, lẹ́yìn DPO ẹ pe Complaint Response Unit ti ọlọ́pàá, ẹ sọ orúkọ IPO àti aago.

Onídùúró yín, kó jẹ́ ẹni tó ní iṣẹ́ àti àdírẹ́sì tí wọ́n lè mọ̀. Tí kóòtù tàbí ọlọ́pàá bá ní obìnrin ò lè dúró fún èèyàn, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ACJA abala 167 ti parí ìyẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ nítorí pé obìnrin ni. Mo ti rí ìyá ọlọ́jà tó fi ìwé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ dúró fún ọmọkùnrin tí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin pa fóònù nítorí ẹ̀.

Tí wákàtí 24 bá kọjá tí wọn ò sì fi sílẹ̀, tí ẹ̀sùn ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ìyà ẹ̀ jẹ́ ikú, lọ́yà lè gba kóòtù lọ láti ní kí wọ́n gbé e wá, ẹnu lásán ló lè fi béèrè, kò di dandan kó jẹ́ ìwé gbọọrọ. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn ò mọ̀, ACJA abala 34 ní kí majísíréètì àgbà máa lọ wo àwọn teṣan àdúgbò ẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù tó wà nítòsí yín, ẹ bi í ìgbà tí wọ́n máa lọ, ẹ fi orúkọ èèyàn yín sílẹ̀ fún wọn.

Lọ́yà ọ̀fẹ́ wà. Legal Aid Council ti wà láti 1976, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò bá ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ ni wọ́n wà fún. Wọ́n pọ̀ níṣẹ́, wọn ò pọ̀ níye, ẹ máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kọmíṣọ̀n ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, wà ní Maitama, wọn ò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá mú ẹ̀sùn wá.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, Child Rights Act ti 2003 ló dì í mú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́ àgbàlagbà, ẹ má sì gbà kí ọkùnrin yẹ ara obìnrin wò.

Ní kóòtù

Kílọ̀ fún èèyàn yín kó tó wọlé, kó má sọ pé òun jẹ̀bi nítorí kí ọ̀rọ̀ lè tètè parí. Èyí wọ́pọ̀ ní àwọn area court àti mobile court wa, ẹnì kan á sọ fún un pé "gbà kí wọ́n bu fáìn fún ẹ, kó o máa lọ", á gbà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀daràn ni, lọ́jọ́ tó bá ń wá iṣẹ́ tàbí físà ni ó máa mọ ohun tó gbà. Kó ní òun ò jẹ̀bi, kó sì ní òun ń dúró de lọ́yà. Ògbufọ̀ ní kóòtù náà, ọ̀fẹ́ ni, ìwé òfin abala 36.

Ẹ̀yin tó wà ní Kano, Zamfara, Sokoto àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kóòtù Sharia wà ńbẹ̀ fún Mùsùlùmí, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ò ní ẹjọ́ níbẹ̀ àfi tó bá fẹnu ara ẹ̀ gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ Mùsùlùmí, nítorí náà ẹ bi lọ́yà ibẹ̀, kì í ṣe lọ́yà Àbújá.

Tí majísíréètì bá ní kí wọ́n tì í mọ́lé kí ìwádìí lè parí, ọjọ́ 14 ni àkọ́kọ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi kí wọ́n tó fi ọjọ́ kún un. Ẹ máa ka ọjọ́ yẹn. Bíi méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lẹ́wọ̀n Nàìjíríà ni wọn ò tíì dá ẹjọ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ fún wọn níta. Tí ẹjọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ACJA abala 396 ò gbà kí ẹnikẹ́ni sún un síwájú ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn kékeré tó sì jẹ̀bi, kí lọ́yà béèrè iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n, ACJA gbà á, òfin Correctional Service ti 2019 gbà á, ohun tí Tokyo Rules ti ń sọ láti 1990 náà nìyẹn.

Tí wọ́n bá gbé e lọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje, Suleja tàbí Keffi, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ọlọ́pàá ló ti kúrò. Mandela Rules ni kẹ́ ẹ fi bá àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ́ wọn. Rule 11 ní kí wọ́n ya ẹni tí wọn ò tíì dá lẹ́jọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́, Rule 24 ní kí ìtọ́jú ìlera jẹ́ ọ̀fẹ́, kó sì dà bíi ti ará ìta, Rule 68 ní kí ó lè sọ fún mọ̀lẹ́bí lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbé e lọ ibòmíì. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ní ọ́fíìsì, kì í ṣe lẹ́nu géètì.

Lẹ́tà

Ibí ni òfin àgbáyé ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ojú ìwé kan, bó pẹ́ tán kó jẹ́ méjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kó ṣáájú, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, orúkọ IPO, orúkọ teṣan, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ẹ̀ ni abala ìwé òfin àti ACJA tí wọ́n rú. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá fi àdéhùn Áfíríkà kún un, African Charter, abala 6 lórí òmìnira àti abala 7 lórí ẹjọ́ tó tọ́, Nàìjíríà ti sọ ọ́ di òfin tiẹ̀ ní 1983, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò mọ́. Luanda Guidelines àti Mandela Rules á tẹ̀ lé e, gbólóhùn kan kan tó.

Ìdí tí èyí fi wúlò ni pé ìlànà tí wọ́n fi ń gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ kóòtù, ti 2009, ní kí adájọ́ bọ̀wọ̀ fún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá gbé e síwájú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, lọ́yà tó bá gba ẹjọ́ ti rí ibi tó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí kọmíṣánnà ọlọ́pàá FCT àti NHRC, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà kan sí i, kí ẹni tó gbà á lu òǹtẹ̀ sí tiyín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò rí i.

Tó bá di oṣù lórí oṣù tí kò sí ẹjọ́, kóòtù ECOWAS wà l'Àbújá níbí, kò pọn dandan kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gbogbo kóòtù Nàìjíríà tán. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí títi èèyàn mọ́lé lọ́nà àìtọ́, tó wà láti 1991, ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí lọ́yà tàbí ẹgbẹ́ kan bá yín kọ ọ́ torí wọ́n ní fọ́ọ̀mù tiwọn.

Nígbà tó bá wá jáde, ẹ gbé ìwé tí wọ́n fi ka ẹrù ẹ̀ dání lọ gbà á, ẹ tan fóònù yẹn níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ ti gbà á. Tí ẹjọ́ bá ti parí pátápátá, kí onídùúró padà lọ teṣan tàbí kóòtù lọ gba ìwé ẹ̀, kó sì rí i pé wọ́n ti yọ orúkọ òun kúrò, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé èyí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fẹ́ fi ìwé ilé yẹn yáwó ni wọ́n á wá máa sáré.